Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń dán kì í fa mọ́tò jáde nínú ẹrẹ̀

  Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, irúgbìn àti oògùn kòkòrò la sábà máa ń bá yín sọ níbí, àmọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò ni tòní.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí a ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ ra pickup kan tí yóò máa kó ẹrù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti pín wọn sí méjì. Mọ́tò méjì ló wà níwájú wọn, owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan jẹ́ Toyota Tacoma tokunbo, TRD Sport, ó ń dán, ó ga, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ihò bíi ti mọ́tò tí wọ́n fi ń sáré ìje. Èkejì jẹ́ Hilux four-wheel, ara rẹ̀ ti ha, àga rẹ̀ ti ya, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dìbò. Wọ́n ní ká dá sí i, a sì ti dá sí i. A ní ká sọ ọ́ síbí náà, nítorí ó dá wa lójú pé wọn kọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn: tó bá jẹ́ inú ẹrẹ̀ ni mọ́tò yín yóò ti máa jẹun, tí owó yín ò sì tó ra ẹwà àti agbára pọ̀, ẹ kọ́kọ́ ra agbára. Ẹwà á tẹ̀lé e tí ọjà bá tà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára. Nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, à ń bọ̀ láti abà kan lẹ́yìn Ìdànrè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè yẹn mọ̀ pé ọ̀nà á gòkè tán, á sì já bọ́ sínú àbàtà. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń dáko kòkó, tó tún ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn ará abà, ló gbé wa. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tó ra Tacoma tirẹ̀. Mọ́tò náà rẹwà, a ò ní parọ́. Ó ga, ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán bíi dígí, rímù ńlá, irin ńlá níwájú, pátákó ìtẹ̀sẹ̀ tó ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àwa náà jẹ̀bi: ọjọ́ tó gbé e dé, a bá a yọ̀, a ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ nínú gbogbo wa.

Àpò kòkó gbígbẹ méjìlá ló wà lẹ́yìn mọ́tò lọ́jọ́ yẹn. A dé ibi tí odò kékeré kan ti gba ojú ọ̀nà kọjá, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin ará ADP, four-wheel ni mọ́tò yìí." Ó wá bọ́tìnì tí yóò tẹ̀, kò rí i. Ó wo ìdí gíà, kò sí ọ̀pá kejì níbẹ̀. Ó tẹ ẹ́ṣẹ́lérátọ̀, mọ́tò tún rì sí i. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tí a wo abẹ́ rẹ̀ ni àṣírí tú: kò sí irin kankan tó ti ìdí gíà lọ sí ẹsẹ̀ iwájú. Táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. PreRunner ni wọ́n tà fún un.

Òjò wá dé. Tapólì tó wà lórí ẹrù kò bo gbogbo rẹ̀. A wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí méjì kí bàbá kan tó gbé Hilux oníyàrá kan dé, èyí tí wọ́n fi wáyà so iná iwájú rẹ̀ kan. Bàbá rọra fa gíà kékeré sí four-wheel, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó dúró lórí ilẹ̀ líle, ó ju ṣéènì sí wa, ó sì fà wá jáde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ tán, bàbá wo mọ́tò náà lókè wo ó nísàlẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, gíga kọ́ ni four-wheel."

Àpò mẹ́rin ló rin. Ẹ̀yin oníkòkó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kòkó tí ẹ ti sá títí omi inú rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí òjò bá tún pa á nínú àpò, tí oòrùn ò sì sí láti tún un sá kíákíá, yóò bu. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ rà á gé owó àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó burú jù nínú wọn, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Òun kọ́ ló ni gbogbo ẹ̀ pàápàá. Méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìyá àgbà kan ní abà, tó ní kí ó bá òun tà á kí òun fi san owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ òun.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ̀rọ̀. A kì í ṣe mẹkáníìkì, iṣẹ́ àgbẹ̀ la kọ́ ní poly. Àmọ́ ọ̀nà oko ni a ń rìn lójoojúmọ́, a sì ti wá bi àwọn tó mọ̀, a ti ka ìwé mọ́tò, a ti wọ abẹ́ mọ́tò.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé orúkọ kan náà kì í ṣe mọ́tò kan náà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pickup máa ń ṣe é ní ìpele ìpele. Ẹ mú Tacoma tó ń ti Amẹ́ríkà wá. Láti ọdún 1998 ni Toyota ti gbé èyí tí wọ́n ń pè ní PreRunner jáde: wọ́n gbé e ga bíi four-wheel, àmọ́ táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀tàn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, nítorí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwa tí a ń fi ojú lásán rà á ló ń tan ara wa.

Ẹ wá wo TRD Sport àti TRD Off-Road. Sport ni ti ẹwà: bọ́ńpà aláwọ̀ mọ́tò, rímù tó tóbi sí i, àti ihò orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ihò yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń nà sí, tí wọ́n á ní "ẹ̀yin ò rí i bó ṣe lágbára ni?" Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Tacoma TRD Sport kí ẹ wò ó: kò gbé atẹ́gùn kankan lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀ṣọ́ ni. Off-Road ní tirẹ̀ kò ní ihò yẹn, rímù rẹ̀ kéré sí ti Sport, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fa ènìyàn mọ́ra. Àmọ́ ó ní ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà gbágungbàgun, ó sì ní diff lock ní ẹ̀yìn, ìyẹn bọ́tìnì tó máa ń so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Sport tó jẹ́ four-wheel wà, Off-Road tí kì í ṣe four-wheel náà wà. Nítorí náà ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò kò tó ẹ̀rí. Hilux tí kì í ṣe four-wheel náà pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ yẹ ohun mẹ́rin wọ̀nyí wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Àkọ́kọ́, ẹ wo inú mọ́tò. Four-wheel gidi máa ń ní ọ̀pá gíà kékeré kejì tàbí bọ́tìnì yíyí tí wọ́n kọ 2H, 4H àti 4L sí, tàbí H2, H4 àti L4. 4L yẹn ṣe pàtàkì. Òun ló máa ń jẹ́ kí mọ́tò rọra fa ẹrù gòkè láìsí pé ẹ̀ ń tẹ iná pa, òun náà ló sì máa ń dì í mú tó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìkejì, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ àpò sílẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ gbọ́dọ̀ rí irin méjì tó jáde láti ìdí gíà: ọ̀kan lọ sẹ́yìn, ọ̀kan lọ síwájú. Tí ti iwájú ò bá sí, ọ̀rọ̀ ti parí. Tó bá wà, ẹ wò ó bóyá wọn ò ti yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń yọ ọ́ tó bá ti bàjẹ́, tí wọ́n á sì fi bọ́tìnì sílẹ̀ nínú mọ́tò bí ẹni pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìkẹta, ẹ dán an wò lórí yanrìn tàbí ilẹ̀ rírọ̀, kì í ṣe lórí títì ọ̀dà. Ẹ fi sí 4H, ẹ wakọ̀ díẹ̀ síwájú, ẹ fi sí 4L, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Irú four-wheel tó wà lára ọ̀pọ̀ pickup wọ̀nyí máa ń so táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀ pinpin. Tí ẹ bá fi rìn lórí ọ̀dà gbígbẹ tí ẹ sì ń kọrí sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á máa bá ara wọn jà títí nǹkan á fi já. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ba four-wheel gidi jẹ́ báyìí, tí wọ́n á tún máa sọ pé tokunbo burúkú ni wọ́n tà fún àwọn.

Ìkẹrin, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Lára mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá, wọ́n máa ń lẹ ìwé kan mọ́ ibẹ̀ tó ń sọ iye kílò tí èèyàn àti ẹrù inú mọ́tò kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ Tacoma, ìwọ̀n yẹn kì í ju nǹkan bí 500 sí 650 kílò lọ. Àpò kòkó kan jẹ́ nǹkan bí 64 kílò. Méjìlá rẹ̀ jẹ́ 768. Ẹ wá fi èèyàn mẹ́ta kún un. Ṣé ẹ ti rí i pé ẹ̀gbọ́n wa ti jẹ gbèsè kó tó dé inú ẹrẹ̀ rárá? Ọ̀pọ̀ Hilux oníṣẹ́ ní tirẹ̀ máa ń gbé ohun tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn bí àpò mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá tí dẹ́rẹ́bà àti ẹnì kan bá jókòó síwájú. Òwò ni kẹ́ ẹ fi ìyẹn ṣírò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà.

Ọ̀rọ̀ gíga náà tún kù. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn pickup, ẹ ó rí kókó irin rogodo kan láàárín táyà méjèèjì, ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní diff. Òun ló sún mọ́ ilẹ̀ jù, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jókòó sórí ilẹ̀ tí ojú ipa táyà bá jìn. Tí ẹ bá sanwó kí wọ́n fi sípíríìngì gbé mọ́tò yín sókè, ara mọ́tò á ga, àmọ́ kókó yẹn á wà níbi tó wà. Táyà tó ga jù ló lè gbé e. Pátákó ìtẹ̀sẹ̀ tó ń kọ mànà yẹn náà, tó bá rọ̀ sílẹ̀ jù, òun ni yóò kọ́kọ́ fẹnu gbá òkúta. Ti ẹ̀gbọ́n wa ká kò lọ́jọ́ yẹn bí ewé.

Táyà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sọ ọ́. Táyà 265/70R16 àti 265/50R20, gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àmọ́ ti àkọ́kọ́, róbà tó wà láàárín rímù àti ilẹ̀ tó nǹkan bí 18.5 sẹ̀ǹtímítà. Ti ìkejì tó ní rímù ńlá, kò ju bí 13 lọ. Róbà yẹn ló ń gba ìyà òkúta àti kòtò kí rímù má bàa gbà á. Òun náà ló ń jẹ́ kí ẹ lè dín atẹ́gùn táyà kù díẹ̀ nínú yanrìn kó lè tẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ tó tún un fẹ́ tí ẹ bá jáde sí títì. Ẹ wo ojú táyà náà: èyí tí ojú rẹ̀ là gbàràgàdà, tí wọ́n ń pè ní all-terrain, ló bá ọ̀nà oko mu. Ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Tó bá jẹ́ 3519, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti gbó, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jìn tó, ewu ni.

Ní báyìí, a mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn. Àwọn oníṣòwò nínú ẹgbẹ́ yẹn sọ ọ́ fún wa lójú: "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀." Wọ́n ní tí àwọn bá gbé jálòpí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ọjà púpọ̀, tàbí dé iwájú báńkì tí àwọn fẹ́ yá owó, wọn ò ní ka àwọn sí. Òótọ́ ni, a ò lè sẹ́ ẹ. Ìyá kan níbẹ̀ sọ pé lọ́jọ́ tí òun gbé ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó lọ sọ ọjà, ẹni tó fẹ́ rà á ti gé owó kó tó wo ọjà rárá. A ò fojú di irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fojú kékeré wò torí pé ó jẹ́ àgbẹ̀, kò burú tó bá fẹ́ jókòó sínú ohun tó dára.

Àmọ́ ohun tí a dá wọn lóhùn ni pé, ọ̀dà lè ra ìrísí. Kò sí ọ̀dà tó lè ra four-wheel. Hilux tó ti ha yẹn, ẹ lè kùn ún, ẹ lè rán àga rẹ̀, ẹ lè pààrọ̀ iná rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí owó ṣe ń wọlé. Tacoma tí kò ní irin iwájú, owó tí ẹ ó ná láti sọ ọ́ di four-wheel lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó mọ́tò mìíràn, iṣẹ́ náà kò sì dá ẹnikẹ́ni lójú. Ìwà lẹwà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mọ́tò náà ní ìwà tirẹ̀, inú ẹrẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ ọ́n.

A ò sì ní kí gbogbo yín lọ ra four-wheel o. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀bá títì ni oko yín wà, tàbí ojú ọ̀nà líle tí kì í ṣẹrẹ̀, tàbí tó jẹ́ láti ọjà dé ọjà nìkan lẹ̀ ń ná, mọ́tò táyà ẹ̀yìn tó lágbára ti tó. Four-wheel ní irin púpọ̀ sí i, òróró púpọ̀ sí i, ó sì máa ń mu epo díẹ̀ sí i. Tí ẹ kì í bá lò ó rárá, òróró inú rẹ̀ á jókòó lójú kan, nítorí náà ẹ máa fi rìn díẹ̀ lóṣooṣù lórí ilẹ̀ rírọ̀. Kì í sì í ṣe oògùn: four-wheel máa ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti lọ, kì í ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Bíréèkì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti mọ́tò mìíràn nígbà tó bá ń yọ̀ lórí òkè. Ẹni tó bá gbójú lé e tó sì ń sáré nínú òjò, inú igbó ni wọn yóò ti lọ gbé e.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹgbẹ́ yẹn bi ara wọn, òun náà ni kí ẹ̀yin bi ara yín: oṣù mélòó nínú ọdún ni ọ̀nà wa máa ń di ẹrẹ̀, kí sì ni ó ń jáde láti oko ní oṣù wọ̀nyẹn? Ní abà tiwọn, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ìgbà tí kòkó ń jáde gan-an ni òjò ìkẹyìn ń rọ̀. Mọ́tò tó bá lè wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, ìgbà tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀ ló máa ń wúlò.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìṣirò owó. Hilux bàbá tó fà wá jáde lọ́jọ́ yẹn, òun náà ni wọ́n fi gbé aboyún kan jáde ní abà lóru, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Òjò ń rọ̀, ọlọ́kadà kọ̀ láti gbé e. Ìyá àti ọmọ wà láàyè, wọ́n fi ọmọ náà hàn wá. Ní ibi tí kò sí mọ́tò mìíràn tó lè wọlé, mọ́tò ẹgbẹ́ yín ni yóò máa gbé aláìsàn, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa béèrè lọ́jọ́ yẹn bóyá rímù rẹ̀ ń dán.

Ẹ̀gbọ́n wa kò tíì ta PreRunner rẹ̀. Ó ti yọ rímù ńlá, ó tà á, ó fi ra táyà tó dára. Kì í gbé ju àpò mẹ́fà lọ mọ́. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹ̀bá títì ló máa ń gbé e sí, yóò sì san owó fún bàbá kó bá òun kó ẹrù jáde. Ó ti san owó ìyá àgbà yẹn pé látinú àpò ara rẹ̀. Òun gan-an ló dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ tó sọ pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi owó gbogbo wa ra ohun tí mo rà."

Tiwa ni pé kí wọ́n ra Hilux yẹn, lẹ́yìn tí mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á bá ti wọ abẹ́ rẹ̀ tó sì ní ó dára. Ká tó fi ojú ra mọ́tò, ẹ jẹ́ ká fi eékún ra á: ká kúnlẹ̀, ká wo abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó rín in tán.